Àfòmọ́ Orí Àgbọn Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí mo ki òdòdó kan mọ́ inú ìkòkò ilẹ̀dú, tí ọkọ mi ti ojú omi dé, tó dúró lé mi lórí, tó sì bi mí pé, "Ta lo sin síbẹ̀ yẹn?" Mo kọ́kọ́ rò pé ó kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí ẹ̀fẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Kò tíì pẹ́ tí mo dé Gbẹ̀rẹ̀fú, abúlé orí iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, níbi tó jẹ́ pé bí òwú ìránṣọ rẹ bá tán, o ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àgbádárìgì kí o tó rí òmíràn rà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ẹ̀yìn àpáta la bí mi sí. Ohun tí mo mọ̀ nípa gbígbin nǹkan kò ju pé ká gbẹ́ ilẹ̀, ká ki nǹkan bọ̀ ọ́, ká bomi rin ín. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi mú ohun kan tó rí bí ìdì ìrèké kéékèèké bọ̀ láti ìhà Ìwórò, tó ní orí ẹ̀ka igi kan tó wó sínú omi lòun ti rí i, tó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ kó tó padà sídìí àwọ̀n rẹ̀, èmi náà ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn ń ṣe. Mo wá ìkòkò, mo wá ilẹ̀dú, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, mo sì ń rọ omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń rọ ọmọ lágbo. Kó tó dé, ìdí rẹ̀ ti ń rà. Bí ewé rẹ̀ ṣe ń pọ́n náà ni mo ń fi kún omi, mo ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tú nǹkan náà jáde kúrò nínú ìkòkò, ó fi omi òjò ṣan ilẹ̀dú kúrò lára rẹ̀. Ó ní ohun tó ń gbé lórí igi kò mọ ilẹ̀ rí. Afẹ́fẹ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń mí, òjò ló ń mu, ewé tó bá jábọ́ láti òkè ló sì ń jẹ. Ó ní tí a bá bò ó mọ́ inú ilẹ̀, kò yàtọ̀ sí ká gbé ènìyàn tó ń mí sínú kòtò. Ó ki ọ̀bẹ bọ iná, ó gé gbogbo ibi tó ti rà dànù, ó wá gbé èyí tó kù sí abẹ́ òjìji títí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ fi gbẹ. Inú bí mi díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ta ló fẹ́ kí apẹja wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbin òdòdó? Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, ẹ̀rín rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn bínú pẹ́.

Ara igi àgbọn tó wà lójúde ìyá rẹ̀ ló lọ so ó mọ́. Igi yẹn kì í ṣe igi lásán. Ní agboolé wọn, bí ìwọ́ ọmọ bá já, ìyá rẹ̀ á gbẹ́ ilẹ̀, á sin ín, á sì gbin ọ̀dọ́ àgbọn lé e lórí. Ọmọ á máa dàgbà, àgbọn náà á máa dàgbà. Kò sí ẹni tí wọ́n bí nínú agboolé náà tí kò ní àgbọn tirẹ̀, àwọn ọmọdé á sì máa júwe ara wọn pé, "Èmi ni mo ni èyí tó tẹ̀ yẹn." Bí ara ẹnì kan kò bá yá, ìdí igi rẹ̀ ni àwọn àgbà á kọ́kọ́ lọ wò kí wọ́n tó béèrè ohun tó jẹ. Èmi tí mo ti ilẹ̀ òkè wá, mo rò pé àṣà tó dùn mọ́ni ni, mo tiẹ̀ ń fi ọkọ mi ṣẹ̀fẹ̀ pé igi rẹ̀ ga jù ú lọ. Mi ò mọ ohun tó wà nínú àṣà náà tó lè dé bá mi.

Ó ya èèpo àgbọn tó rí ṣákiṣàki, ó tẹ́ ẹ sí ara igi níbi tí oòrùn òwúrọ̀ ń dé tí ti ọ̀sán kì í sì í dé, ó gbé òdòdó náà lé e, ó wá fi okùn àwọ̀n dì í yí ká. Kókó tó ta ṣe mí ní kàyéfì. Aránṣọ ni mí, mo mọ oríṣiríṣi kókó, ṣùgbọ́n èyí kò rí bí ohun tí mo mọ̀. Mo bi í pé ṣé kò lè ta kókó bí àwọn ènìyàn ni. Ó dáhùn pé kókó àwọn aránṣọ wà fún ẹni tó ń jókòó sínú ilé. Ó ní, "Èyí, bí omi bá ṣe ń fà á ló ṣe ń le sí i. Omi kì í tú u."

Láti ìgbà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwà nǹkan náà. Ó ní gbòǹgbò ńlá tó fi ń di igi mú, ó sì ní àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ funfun tó nàró sókè bí abẹ́rẹ́, àwọn yẹn ló fi ń gba ewé gbígbẹ tó bá ń bọ́. Mo ti fẹ́ fi ìgbálẹ̀ gbọn àwọn ewé náà dànù nígbà kan, èmi onímọ̀ọ́tótó, ọkọ mi sì ké mọ́ mi pé oúnjẹ onítọ̀hún ni mo fẹ́ gbá. Lásìkò òjò, a kì í fọwọ́ kàn án. Bí afẹ́fẹ́ òkun bá ti fẹ́ lemọ́lemọ́, mo máa ń fi omi òjò tí a gbè sínú dúrọ́ọ̀mù wẹ iyọ̀ kúrò lára ewé rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń wọ́n omi díẹ̀ sí i láàárọ̀ nìkan, kí ara rẹ̀ lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ewé bá dúdú mìnìjọ̀, a jẹ́ pé oòrùn kò tó o, kò sì ní yọ òdòdó. Bí ó bá pọ́n, oòrùn ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kí ènìyàn wá ní sùúrù. Èmi kò ní in. Àràárọ̀ ni mo ń lọ wò ó, mo ń bá a jà pé ṣé ewé lásán ló fẹ́ fi san án fún mi.

Ọjọ́ tó tanná, mo pariwo débi pé àwọn aládùúgbò rò pé ejò ni mo rí. Òdòdó náà pọ̀ lórí ọ̀pá kan, wọ́n pọ́n wẹ́wẹ́, àmì aláwọ̀ ilẹ̀ sì wà lára wọn tótòtó bí awọ ẹkùn. Òórùn rẹ̀ kò le, àfi kí o sún mọ́ ọn. Ìyá ọkọ mi jáde wá wò ó, wọ́n nu ọwọ́ wọn tó kún fún àdín àgbọn sára ìró, wọ́n bi mí pé ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́. Mo ní wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ní ó dára, kí n máa wò ó nígbà náà. Ègùn ni èdè àbínibí wọn, Yorùbá wọn sì máa ń dún bí ẹni tó ń gun àkàbà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ tí wọn kì í rí ọ̀rọ̀ sọ ọ́. Ovi ṣie ni wọ́n ń pè mí, ọmọ mi. Àdín àgbọn ni wọ́n ń ṣe tà, gbogbo ara wọn sì máa ń ta sánsán àgbọn tí wọ́n yan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún tí mi ò bímọ, ẹnu àwọn ènìyàn kò dákẹ́, ṣùgbọ́n ti ìyá ọkọ mi dákẹ́. Bí mo bá ń sunkún, wọ́n á gbé àgbọn kan síwájú mi pé kí n bá àwọn rin ín, a ó jọ máa rin àgbọn láìsọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn wọn. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Àìsàn náà kò fi ariwo wọlé. Ọkọ mi kọ́kọ́ ń ní òun kò lè jẹun tán, lẹ́yìn náà ó ní apá òun kò gbé àwọ̀n mọ́. Nígbà tó fi máa di pé ojú rẹ̀ pọ́n, tí ikùn rẹ̀ ń wú, a ti ń lọ a ti ń bọ̀ sí ilé ìwòsàn ní ìgboro. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Wọ́n fún wa ní oògùn, wọ́n sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, irú ohùn tí dókítà kì í lò bí nǹkan bá máa dára. Èmi gbọ́ ohùn náà, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Àfi bí igi àgbọn rẹ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ìsàlẹ̀ ni ewé rẹ̀ ti kọ́kọ́ ń pọ́n lọ sókè, àgbọn kéékèèké sì ń já bọ́ láìgbó. Ẹni tó bá jí láàárọ̀ á rí wọn nílẹ̀. Wàyí o, àbúrò bàbá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, tí wọ́n sì jẹ́ olórí agboolé, wá dúró sídìí igi náà. Wọ́n wo ewé, wọ́n wo àgbọn tó wà nílẹ̀, wọ́n wá wo òdòdó mi tó fẹ̀ mọ́ ara igi, tó ti tóbi ju apẹ̀rẹ̀ ẹja lọ. Wọ́n béèrè ẹni tó gbé àfòmọ́ lé igi ọmọ àwọn lórí. Wọ́n wá sọ pé, "Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ní í bá tan." Òwe tí gbogbo ayé mọ̀ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pa á, ara igi kọ́ ni ojú wọn wà. Èmi ni wọ́n ń wò.

Àfòmọ́ kan wà lóòótọ́ tó ń pa igi. Gbogbo ẹni tó ti rí oko kòkó tàbí ọsàn rí ló mọ̀ ọ́n. Ẹnu ni ìyẹn ń ki bọ inú ẹ̀ka, á máa fa omi ara igi mu títí ẹ̀ka náà á fi gbẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí ọkọ mi so kò ní ẹnu. Ara èèpo igi ló dì mú, bí ọmọ ṣe ń di ìró ìyá mú. Kò wọ inú igi rárá. Mo ṣàlàyé títí. Ọkọ mi náà ṣàlàyé láti orí ibùsùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí òdòdó nígbà náà. Wọ́n ti ń rò ó pọ̀: igi ń gbẹ, ẹni tó ni igi ń gbẹ, ìyàwó kò bímọ, ìyàwó ló sì ni nǹkan tó wà lórí igi. Ó ká mi lára débi pé mo la ẹnu mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo pa òwe lójú àgbà, mi ò ní tótó ó ṣe bí òwe! Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbà mí sílẹ̀, àìní ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n kà á sí. Bàbá Kékeré ní kí wọ́n wo ìyàwó tó ń kọ́ àwọn lóhun tí àwọn fi dàgbà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ mi wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Wọn kò jókòó sórí àga. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń ṣa àwọn ègé aṣọ tó bọ́ sílẹ̀ jọ, wọ́n ń tò wọ́n lé ara wọn. Mo mọ ohun tí wọ́n bá wá, mo sì ń wa ẹ̀rọ lọ kí ariwo rẹ̀ má baà jẹ́ kí wọ́n rí àyè sọ ọ́. Wọ́n fi ọwọ́ dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró.

"Ovi ṣie," wọ́n ní, "bóyá òótọ́ lo ń sọ. Bóyá kò jẹ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìwọ lè rí òdòdó mìíràn so. Níbo ni èmi fẹ́ ti rí ọmọ mìíràn bí?"

Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀. Mo yára dì wọ́n mú ní apá méjèèjì, nítorí bí ìyá ọkọ bá kúnlẹ̀ fún ìyàwó, kí ló kù? A wà bẹ́ẹ̀, a ń di ara wa mú, nígbà tí ọkọ mi fọhùn láti inú yàrá. Ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Já a. Kì í ṣe nítorí tèmi. Jẹ́ kí màmá rí oorun sùn."

Mo lọ já a. Ojú gbogbo agboolé ni mo ti já a, ní ọ̀sán gangan. Gbòǹgbò rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara igi débi pé mo ní láti máa ki ọ̀bẹ ọkọ mi bọ abẹ́ wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tú aṣọ tí wọ́n ti rán dáadáa. Okùn àwọ̀n náà ti wọ inú gbòǹgbò, kò ṣe é tú, ó bá a lọ. Ó ti yọ ọ̀pá òdòdó tuntun, kò tíì là. Ibi tó ti kúrò lára igi mọ́ tónítóní, kò sí ihò kan, kò sí ojú ọgbẹ́ kan. Mo tọ́ka sí i kí wọ́n rí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá wo ìyẹn. Bàbá Kékeré ní kí n má ṣe fi í sílẹ̀ ní ojúde, kí n gbé e lọ sí ààtàn tó wà létí ọ̀sà. Mo gbé e lọ. Mo sọ ọ́ sórí èèpo àgbọn àti egungun ẹja, mo yíjú padà.

Nígbà tí mo wọlé, ọkọ mi bi mí pé ṣé mo tú kókó náà ni. Mo ní kò tú, òun àti òdòdó jọ lọ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ṣáà ti sọ fún ọ." Ẹ̀rín yẹn ni mo rántí jù nínú gbogbo ẹ̀rín rẹ̀, nítorí mi ò tún rí òmíràn tó jọ ọ́.

Ó kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ irú rẹ̀. Mo lè sọ pé mo ń gbá ojúde, mo sì gbọ́ tí ìyá rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọn kò tún pè é mọ́. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi títí ẹnì kan fi wá gbà á. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ti ń sọ ọ́ yìí. Àwọn ènìyàn ní kí n mọ́kàn le, wọ́n ní ọmọdé ni mí, ọ̀la ṣì ń bẹ. Mo fẹ́ bi wọ́n pé ọ̀la wo.

Mo ṣe opó mi bó ti yẹ. Nígbà tí mo bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, kò sẹ́ni tó lé mi. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n má baà pa irọ́ mọ́ wọn. Wọn kò ní kí n máa lọ, wọn kò sì ní kí n dúró. Obìnrin tó bá ti bímọ síbẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ bá kú, àgbọn ọmọ rẹ̀ wà lójúde, ìdí rẹ̀ ló máa jókòó sí títí ayé, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Èmi kò ní igi kankan ní Gbẹ̀rẹ̀fú. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sínú ọkọ̀ ojú omi ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn ìyàwó ilé sìn mí dé èbúté, wọ́n ń sunkún. Ìyá ọkọ mi kò jáde. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà tí wọ́n ń se àdín, mo ń rí èéfín rẹ̀ láti ojú omi. Inú mi bàjẹ́, lẹ́yìn náà inú bí mi. Mo ní ẹni tí mo torí rẹ̀ já òdòdó mi kò lè torí mi fi ìkòkò sílẹ̀. Ìbínú yẹn ni mo gbé sọdá ọ̀sà, mo sì gbé e fún ọdún mélòó kan.

Mòrógbò ni mo fìdí kalẹ̀ sí, létí ọ̀nà márosẹ̀. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan, mo ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ń wọlé. Nítòsí wa, àwọn kan ń ta òdòdó inú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bí mo bá sì ń kọjá, mo máa ń wo ẹsẹ̀ mi. Mi ò jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi àgbọn sè, mi ò fi àdín àgbọn para. Àwọn ènìyàn rò pé èèwọ̀ ilé wa ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé ojú sókè lórí ẹ̀rọ, ìyá ọkọ mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti gbó. Wọ́n gun ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wọ ọkọ̀ ilẹ̀, àwọn nìkan, wọ́n sì gbé nǹkan kan tí wọ́n fi ìró wé mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ẹsẹ̀ ló kúnlẹ̀, inú mi kò tíì kúnlẹ̀. Mo gbé àga fún wọn, mo fún wọn lómi. Wọn kò mu ún. Wọ́n tú ìró náà.

Òdòdó mi ni. Ó wà lórí pákó ọkọ̀ ojú omi kan tó ti gbó, ó tóbi, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, òdòdó rẹ̀ tó pọ́n tó sì ní àmì ẹkùn kún orí rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tí mo sọ ọ́ sí ààtàn gan-an làwọn lọ gbé e. Wọ́n gbé e pamọ́ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń se àdín, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú Bàbá Kékeré, omi tí wọ́n fi ń ṣan àgbọn ni wọ́n sì ń dà sí i. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ló ní kí n já a.

"Èmi ni mo ní kí o já a," wọ́n ní. "Ọmọ mi kú síbẹ̀síbẹ̀. Igi rẹ̀ kú. Gbogbo agọnkẹ tó wà lójúde ló kú tẹ̀lé e, àwọn tí ohunkóhun kò kàn rí. Ti Bàbá Kékeré náà kú, òun sì ń bẹ níbẹ̀ tó ń jẹun. Mo wá mọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀ ni mo ti gbé e. Kókó ọmọ mi wà lára rẹ̀. Ohun tí ọmọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ so, ṣé n ó jẹ́ kó rà sórí ààtàn?"

Agọnkẹ ni wọ́n ń pe àgbọn ní èdè wọn. Mo béèrè ohun kan ṣoṣo tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí mo ti kúrò: kí ló dé tí wọn kò jáde sí mi ní èbúté? Wọ́n ní, "Bí mo bá jáde, n bá di ọkọ̀ náà mú. Ta ni mo jẹ́, tí n ó di ọmọ ọlọ́mọ mú sí ojúde tí kò ti ní igi?" Mo gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀. Òórùn àgbọn yíyan ṣì wà lára ìró wọn. A sunkún títí oníbàárà kan fi yọjú, tó sì rọra padà.

Wọ́n ti kú báyìí. Mo lọ sin wọ́n. Gbẹ̀rẹ̀fú ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti gbin ọ̀dọ́ àgbọn mìíràn, àwọn ọmọ tuntun ló ni wọ́n. Ibi tí igi ọkọ mi wà, iyanrìn lásán ni. Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó wò mí ní ìwòkuwò, Bàbá Kékeré tiẹ̀ ní kí wọ́n gbé àga fún mi.

Òdòdó náà wà lára igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú pákó rẹ̀, ó ti na gbòǹgbò kọjá pákó, ó ti di igi mú. Àwọn ènìyàn ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Wọ́n á ra òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á ki í mọ́ inú ilẹ̀dú, nígbà tó bá ń rà wọ́n á gbé e wá bá mi. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Ta lẹ sin síbẹ̀ yẹn?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wẹ ilẹ̀ kúrò, kí wọ́n gé ibi tó rà, kí wọ́n jẹ́ kí ọgbẹ́ gbẹ, kí wọ́n wá igi tí èèpo rẹ̀ kò dán. Ẹni tí mo bá fẹ́ràn, mo máa ń gé díẹ̀ fún un lára tèmi. Ọ̀pá rẹ̀ tó dà bí ìrèké kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní lágbára láti dìde. Mo máa ń gé e láti apá òsì. Apá ọ̀tún, mi ò jẹ́ kí ọ̀bẹ dé ibẹ̀.

Gbòǹgbò ti bo okùn àwọ̀n náà, ojú kò lè rí i mọ́. Àfi kí ènìyàn fọwọ́ wá a. Bí òjò ńlá bá ti dá, mo máa ń jáde lọ sídìí máńgòrò, mo ń ki ìka bọ àárín gbòǹgbò títí tí n ó fi kan án. Ó ṣì le koko. Omi kò tíì tú u.